Bí Mo Ṣe Lọ Fọwọ́ sí Ìwé Ìbídùn nínú Igbó Afìdígbalẹ̀

Ẹ fún mi ní àga tó ní ẹ̀yìn, nítorí ìrìn tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí, ìdí ni mo fi rìn ín ju ẹsẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọdẹ tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ wa, ẹ bọ́ síwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ rí, ẹ panu mọ́, ẹ má bá mi sọ ọ́. Ẹkùn kì í wá ẹni bá òun jẹ ẹran. Èmi ni Àwẹ̀ró, ìyá àgbà ọlọ́mọ-ọmọ mẹ́rìnlá, ọdẹ tí kò yin ìbọn rí láyé, tí kò dẹ okùn fún eku rí, ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé igba ó lé mẹ́tàlélógún káàkiri igbó ilẹ̀ yìí. Fóònù ni ìbọn mi. Ọ̀pá tí mo fi ń tú ewé ni ajá mi. Bàtà òjò tí ọmọ mi rà fún mi kí n máa fi fọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ ni mo fi ń ṣọdẹ, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà sì ti wà nínú ìdọ̀tí láti ìgbà náà, kí Ọlọ́run má bi mí.

Ẹran tí à ń pa kò nírù. Ẹnì kan á mú agolo tàbí ike onídèérí, á fi ìwé kékeré kan sínú rẹ̀, á gbé e pamọ́ sínú igbó, sábẹ́ àpáta tàbí sínú ihò igi, á wá kọ nọ́ńbà ibi tó wà sórí ẹ̀rọ. Àpótí la máa ń pè é, ìbáà jẹ́ agolo tòmátò. Àwa tó kù á tẹ nọ́ńbà náà sínú fóònù, ọfà kékeré kan á máa júwe ọ̀nà, àwa á máa tẹ̀lé e bí ajá tó gbóòórùn ẹja. Bí o bá rí i, o ó kọ orúkọ rẹ sínú ìwé. Bí o bá mú nǹkan nínú rẹ̀, o ó fi ohun tí kò kéré sí i rọ́pò. O ó dá a padà síbi tí o ti rí i gan-an, o ó sì gba ilé lọ tìwọ ti ẹ̀gún lára. Ó parí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àkọ́bí mi, ó wò mí títí, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá gíláàsì yín nígbà tó wà lórí imú yín, ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ wá agolo nínú igbó?" Mo ní, "Gíláàsì ò ní nọ́ńbà, ìyẹn ló fi ń sọnù."

Òfin kan tún wà, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, nítorí náà ẹ fetí sí i: a kì í sọ ohun tí à ń wá fún ọ̀gbẹ̀rì. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ni ọ̀gbẹ̀rì. Ní abúlé kan tí n kò ní dárúkọ, àgbẹ̀ kan rí agolo wa lábẹ́ igi ọsàn, ó figbe ta pé wọ́n ti sin oògùn síbẹ̀. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, gbogbo abúlé ti pé lé e lórí. Pásítọ̀ wà níbẹ̀, lèmọ́mù wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo mọ̀ pé pẹ́ńsù kan àti bọ́tìnnì méjì ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn èrò ni mo dúró sí, mò ń bá wọn ṣe àmín. Wọ́n dáná sun ún. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí là ń wá nínú igbó, a ó ní ìgbín ni, a ó ní ewé ni, a ó ní igi ìdáná ni.

Ìbídùn ló fà mí wọ ọdẹ yìí. Ọ̀rẹ́ mi ni, ẹgbẹ́ mi ni. A jọ ṣe wúńdíá, a jọ di opó, a sì jọ máa ń fi ara wa ṣẹ̀sín títí ikùn á fi máa dùn wá. Àpótí kan ṣoṣo ló fi pamọ́ kó tó kú, inú Igbó Afìdígbalẹ̀ lẹ́yìn abúlé Aláasà ló sì gbé e sí, igbó tí wọ́n sọ lórúkọ yẹn nítorí pé kò sẹ́ni tó wọ ọ́ tí kò ní fìdí lélẹ̀ lójijì. Ọdún méjì kọjá, kò sí ọdẹ tó rí i. Òfin ẹgbẹ́ sì ni pé àpótí tí ọdún méjì bá gorí rẹ̀ láìsí ìfọwọ́sí, a ó pa á rẹ́ kúrò nínú ìwé wa, òun àti orúkọ ẹni tó ni ín, àfi bí olúwa rẹ̀ bá wá bẹ̀bẹ̀. Òkú kì í bẹ̀bẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Òtítọ́jù akọ̀wé wa kọ ọ́ sórí Wásáàpù ẹgbẹ́ pé: "Àpótí Ìbídùn. Bí ìròyìn ìfọwọ́sí kò bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀, mo máa pa á rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Jìnádù ló kọ́kọ́ fèsì, Jìnádù tó jókòó sí ẹ̀yìn yẹn tó ń fi fìlà bojú. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jẹ́ ó máa lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wọ igbó yẹn. Fóònù mi ń yí bí òkòtó." Ẹnì kan ní kí ẹni tó bá ń lọ mú bátìrì àfikún dání, pé igbó náà ń mu iná bí ọ̀mutí. Ẹlòmíràn ní kí olúwa rẹ̀ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, pé eégbọn ibẹ̀ kì í bọ̀wọ̀ fágbà. Ìmọ̀ràn pọ̀ bí eèrùn, arìnrìn-àjò kò sí níbẹ̀. Mo bá kọ ọ̀rọ̀ méjì sí i: "Mo ń lọ." Òtítọ́jù ní, "Ha, Màmá! Orúnkún yín ńkọ́?" Mo ní, "Orúnkún mi á bá mi níbẹ̀."

N kò ní fi bí mo ṣe jí àti bí mo ṣe wọ ọkọ̀ dá yín lágara. Ẹ sáà mọ̀ pé mo dé ẹnu igbó náà, mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbé èkejì, mo fìdí gbalẹ̀ gbì! Mo kí igbó náà níbi tí mo wà, mo ní, "Mo ti kúnlẹ̀ kí ọ, ìdí ni mo fi kúnlẹ̀." Mo dìde, mo ń bá ọfà lọ. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere títí tó fi ku ogójì ìṣísẹ̀, ni mo bá sọ̀kalẹ̀ sínú àfonífojì kan tí igi bo orí rẹ̀ bí ìdérí ìkòkò, ọfà fóònù mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó tọ́ka sí ọ̀tún, ó tọ́ka sí òsì, ó tọ́ka sí èmi fúnra mi. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn. "Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta!" Ọfà yí sọ́tùn-ún. "Òdo!" Ọfà yí sẹ́yìn. "Mọ́kànlá, ó lé díẹ̀!" Ọfà yí po bí abirùn tí wọ́n lu gbẹ̀du fún.

Mo tú ewé pẹ̀lú ọ̀pá mi, mo rí wọn. Àwọn Dà-nọ́ńbà-rú ni. Wọn ò ga ju ìkòkò omi lọ, wọn ò lójú, ikùn ni ẹnu wọn wà, irun orí wọn sì dà bí irun àgbàdo. Nọ́ńbà tó bá ń kọjá lójú ọ̀run ni wọ́n ń gbá mú bí esúnsún, tí wọ́n ń ju òmíràn sókè dípò rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ elẹ́nu-níkùn, ẹ kú eré o. Kí ni kí n fún yín kí ẹ fi nọ́ńbà mi sílẹ̀?" Wọ́n forí korí. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Fún wa ní ohun tó ń ké tí kò léyín, tó ń rìn tí a kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ẹni tó ni ín kì í gbà pé òun ló ni ín." Mo ro ó, n kò rí i. Mo na fèrè mi sí wọn, fèrè tí mo fi ń pe ìrànwọ́ bí ọ̀nà bá dàrú (ẹ̀yin ọdẹ tuntun, ẹ máa mú fèrè dání, ohùn a máa há, fèrè kì í há). Wọ́n fọn ọ́n, wọ́n jù ú padà sí mi. Wọ́n ní, "Ó ń ké, kò léyín, ṣùgbọ́n ìwọ gbà pé tìrẹ ni." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ mi. Ikùn wọn ń là, ikùn wọn ń pa dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí. N kò sì tíì sọ fún yín pé ẹ̀wà ni mo jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀rù àti ẹ̀wà pàdé nínú ikùn arúgbó, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà fún wọn. Mo só. Kì í ṣe isó ẹni tó ń tijú o! Isó tí ẹyẹ fi kúrò lórí igi ni. Igbó pa rọ́rọ́. Àgbà wọn ní, "Ta ló ni ìyẹn?" Kí n tó ronú, ẹnu mi ti dáhùn: "Èmi kọ́ o!"

"Òun ni! Òun ni!" Wọ́n ń fò, wọ́n ń yí gbiri-gbiri nílẹ̀, wọ́n ń fi irun àgbàdo wọn gbálẹ̀. "Ó ké, kò léyín, a ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti dé imú wa, kò sì gbà pé òun ló ni ín!" Ọfà fóònù mi dúró ṣánṣán bí ọmọ ilé ìwé. Mo dúpẹ́, mo ń lọ. Ni wọ́n bá ní, "Màmá, tún un ṣe." Mo ní ó ti tán. Wọ́n ní kò lè tán, wọ́n ń gbọ́ ìyókù tó ń kùn níbẹ̀. Ìgbà tí mo rí i pé wọ́n fẹ́ wá fi ọwọ́ ara wọn tẹ ikùn mi, mo fi eré sí i. Ẹsẹ̀ yọ̀ lábẹ́ mi, mo fìdí gbalẹ̀, ilẹ̀ sì rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbẹ̀, ni mo bá ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tó gun ọkọ̀, àpò mi ń sáré níwájú mi, ọ̀pá mi ń lé mi bọ̀ lẹ́yìn. Mo kọlu nǹkan líle kan, mo dúró. Mo wo fóònù. Ó ní: ìṣísẹ̀ òdo.

Mo gbójú sókè, mo rí orúnkún kan tó tóbi bí odó. Mo gbójú sókè sí i, mo rí ikùn tí koríko hù lé lórí. Mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń dùn mí, mo rí orí kan tí kò lójú, tó létí méjì tó fẹ̀ bí ewé kókò, tí wọ́n ń mì lẹ́lẹ́ láìsí atẹ́gùn. Mo sọ ọ́ ní Elétí-Kókò nínú ọkàn mi. Orí òkúta pẹlẹbẹ kan ló jókòó sí, ọfà mi sì tọ́ka sí abẹ́ itan rẹ̀ gan-an.

Ó ní, "Ta ló ń fi ìdí kanlẹ̀kùn mi?"

"Èmi ni o, Bàbá. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ má bínú."

"Kí lò ń wá?"

Mo lanu. Òfin ẹgbẹ́ ló ti jáde kí ọgbọ́n tó dé. "Ìgbín ni mò ń wá, Bàbá."

"Ìgbín!" ni ó wí, inú rẹ̀ dùn. Ó na ọwọ́ kan, ọwọ́ náà gùn, ó lọ yípo igi mẹ́fà, ó mú ìgbín méjì bọ̀. Ó na èkejì, ó mú mẹ́rin bọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣa ìgbín kún àpò mi, ó ṣa á kún gèlè mi, ó to ọ̀kan lé mi léjìká, kò sì gbé ìdí kúrò lórí òkúta yẹn lẹ́ẹ̀kan! Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ní dìde kí ẹ na ara díẹ̀?" Ó ní ara òun nà dáadáa. Oòrùn ti ń sún lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ó ní, "Ìgbín ti tó. Máa lọ sílé." Mo ní, "Bàbá, ó ku ewé." Irọ́ kejì nìyẹn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká ewé, ó dì í rù mí títí mo fi dà bí ẹni tó ń lọ bọ́ ewúrẹ́ ìlú mẹ́ta.

Etí rẹ̀ nà síwájú. Ó ní, "Ẹni tó gba ìgbín, tó gba ewé, tí kò tíì lọ, ohun mìíràn ló ń wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbà ọ́ láyè láti dáhùn. Kí ni ohun tí à ń wá títí, tí a bá sì rí i tán, a ó tún fi í pamọ́ síbi tí a ti rí i?"

Ha! Èsì náà dé ẹnu mi bí itọ́. Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n níwájú ọ̀gbẹ̀rì! Mo gbé e mì. Mo ní, "Bàbá, àléébù ọkọ ẹni ni."

Ó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbín méje já bọ́ lára mi. Ó ní, "Ó sún mọ́ ọn, òun kọ́." Bàtà òjò mi wọlẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ di ẹ̀kọ gbígbóná. Mo fà á, kò fà. Mo ní, "Ẹyin adìẹ tó ń sàba." Ó ní, "Òun kọ́." Ilẹ̀ gbé mi mì dé orúnkún, orúnkún tí mo ti fi ọkàn Òtítọ́jù balẹ̀ lórí rẹ̀. Elétí-Kókò ní, "Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó kù. Èyí á dé ẹnu, ẹni tí ilẹ̀ bá sì dí lẹ́nu kì í dáhùn mọ́."

Oòrùn ti pọ́n bí epo. Mo ro ó níbẹ̀, ìdajì mi lókè, ìdajì mi nílẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti rú òfin, wọ́n lè lé mi lẹ́gbẹ́. Bí n kò bá sọ ọ́, mo ti pa orúkọ Ìbídùn rẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Mo ní, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lé mi kó lé mi, mo ti jẹ nínú ayé tó. Mo fi gbogbo ohùn mi ké: "Àpótí ni! Àpótí Ìbídùn ni mò ń wá! Ẹ jókòó lé e!"

Ilẹ̀ tu mí síta bí ẹní tu eegun ẹja. Elétí-Kókò ní, "Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìgbín?"

"Òfin wa ni, Bàbá. A kì í sọ ọ́ fún ọ̀gbẹ̀rì."

"Ta ni ọ̀gbẹ̀rì?" Inú bí i. Ó gbé itan sókè, ó yọ agolo mílíìkì kan jáde tí wọ́n fi ọ̀rá dì, ó jù ú sí mi lẹ́sẹ̀. "Kà á!" Mo ṣí i. Ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé náà, àtẹ̀ka ẹrẹ̀ kan ṣoṣo ló gbà á tán, ó tóbi bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ọwọ́ ìkọ̀wé Ìbídùn wà lábẹ́ rẹ̀: "Ẹni àkọ́kọ́. N kò tíì gbọ́wọ́ kúrò lórí ìdérí tó fi rí i."

Ẹ wò ó, mo dọ̀bálẹ̀, èmi obìnrin! Ẹni tó bá ṣáájú ẹni fọwọ́ sí ìwé, ẹ̀gbọ́n ẹni ni. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí." Ó ní, "Ìbídùn ní kí n má fi í han ẹnikẹ́ni àfi ọdẹ. Gbogbo ẹni tó wá, irọ́ ni. Ọkùnrin kan tilẹ̀ wà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá, igi ìdáná ló ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo di igi fún un, ó rù ú lọ." Jìnádù, má fi fìlà bojú mọ́! Ìdí nìyẹn tí ìyàwó rẹ kò fi ra igi lọ́dún náà! Gbogbo wa ni òfin tí a fi ń dáàbò bo àpótí ti sé mọ́ ìta.

Ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ìbídùn ńkọ́? Ó ní òun ń bọ̀ wá pààrọ̀ ìwé. Mò ń fetí sí ẹsẹ̀ rẹ̀." Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré láti àárọ̀, ẹnu mi gbẹ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò ní lè wá mọ́. Ilẹ̀ ti gbà á, ó ti lé lọ́dún kan." Etí rẹ̀ méjèèjì ká wálẹ̀, wọ́n bo ojú tí kò ní. N kò lè pa ẹ̀rín kankan níbẹ̀, ẹ má sì bi mí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Fọwọ́ sí i." Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́, nítorí báírò a máa kọ̀ lórí ìwé tútù: Àwẹ̀ró, ọ̀rẹ́ Ìbídùn. Mo fi ìwé tuntun tí mo mú dání tì í, mo dì í padà, ó sì dá a padà sábẹ́ itan.

Mo gbé fóònù, mo kọ ìròyìn fún Òtítọ́jù sórí Wásáàpù ẹgbẹ́ pé mo ti fọwọ́ sí i, mo ní kó máa lọ. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò sí ẹyọ kan! Oòrùn ku bí ìka méjì kó wọ̀, iná fóònù sì ku ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Bátìrì àfikún mi ti rì sínú ẹrẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ gbé mi mì. Mo figbe ta. Elétí-Kókò ní, "Kí lo nílò?" Mo ní, "Òkè." Ó ní, "Mo ní òkè. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá fèsì, o ó kà á fún mi." Mo ní mo gbà. Ó gbé mi pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó gbé mi lé ọrùn, èmi ìyá àgbà ọlọ́mọ-ọmọ mẹ́rìnlá, mo di etí kókò mú lọ́wọ́ òsì, ó sì dìde. Igi lọ sísàlẹ̀! Ẹ̀ka gbá mi létí, ìtẹ́ ẹyẹ kọjá lójú mi, orí mi yọ sókè igbó, gbogbo ayé pupa rẹ́súrẹ́sú. Mo na fóònù sókè. Kò lọ. "Ẹ dúró lórí ìka ẹsẹ̀, Ẹ̀gbọ́n!" Ó dúró lórí ìka ẹsẹ̀. Igbó mì. Fóònù dún: ó lọ!

Wásáàpù gbiná. "Màmá!" "Ṣé òótọ́ ni?" "Ẹ jọ̀ọ́, ibo ló wà gan-an?" Jìnádù ní, "Irọ́ ni, ẹ fi àwòrán hàn." Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ Òtítọ́jù wọlé, ó kúrú.

Elétí-Kókò ní, "Kí ni wọ́n wí?"

Mo kà á fún un. "Àpótí Ìbídùn dúró."

Ó ń gbé mi lọ lókè orí igi, ó ń rìn pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ru omi. Ó ní, "Tún un kà." Mo tún un kà. Ó ní, "Tún un kà." Iná fóònù kú mọ́ mi lọ́wọ́, ojú rẹ̀ dúdú, n kò sọ fún un. Mo di etí rẹ̀ mú, mo ń kà á lọ títí a fi dé etí títì: Àpótí Ìbídùn dúró. Àpótí Ìbídùn dúró. Àpótí Ìbídùn dúró.